Ewúrẹ́ Ńlá, Màlúù Kékeré: Àsọyé lórí Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Ń Júwe Ara Wa

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìfilọ́lẹ̀ ní kí a wá sọ̀rọ̀ níhìn-ín, wọ́n fi yíyan ohun tí a ó sọ sílẹ̀ fún wa. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí pé ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan ni a ó gbé kalẹ̀, tàbí ìtàn bí àwọn bàbá wa ṣe bá rélùwéè dé ìhín. Ọ̀rọ̀ gírámà ni a mú wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dìde o! Ìdí tí a fi mú un wá ni pé ní ìpàdé mẹ́ta tí a ṣe kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa, ọ̀rọ̀ náà kò sì kan owó. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni. Ó wà nínú ìwé òfin ẹgbẹ́ tí a ń tún ṣe, níbi tí a kọ ọ́ sí pé ẹni tí yóò bá wọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ «ojúlówó ọmọ Yorùbá». Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ bí ó ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ náà. A ó padà débẹ̀ kí a tó jókòó, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ gba ọjà ẹran kọjá.

Bí a bá rán ọmọ lọ sí ọjà ẹran kí ó lọ fa ewúrẹ́ ńlá kan wá, kí ó sì fa màlúù kékeré kan wá, èwo ni yóò tóbi jù nínú méjèèjì? Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé màlúù kékeré náà yóò ju ewúrẹ́ ńlá náà lọ fíìfíì. Síbẹ̀ a kò parọ́ nígbà tí a pe ewúrẹ́ ní ńlá, a kò sì parọ́ nígbà tí a pe màlúù ní kékeré. Ohun tí «ńlá» ń wí níbẹ̀ ni pé láàárín àwọn ewúrẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, èyí yọ. Ọ̀rọ̀ náà yá ìwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́ ewúrẹ́ ni. Bí ẹ bá gbà á kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúrẹ́, kò ní ohun tí yóò fi wọn nǹkan mọ́.

Ẹ wá fi «funfun» sí ipò «ńlá», kí ẹ wo ìyàtọ̀. Ewúrẹ́ funfun ni. Ewúrẹ́ sì jẹ́ ẹran ọ̀sìn. Nítorí náà ẹran ọ̀sìn funfun ni. Kò sí ẹni tí yóò bá wa jà. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ewúrẹ́ ńlá ni, ewúrẹ́ sì jẹ́ ẹran ọ̀sìn, nítorí náà ẹran ọ̀sìn ńlá ni, tí a sì sọ èyí sétí Fúlàní tí ń da màlúù, yóò fi wá rẹ́rìn-ín títí tí yóò fi dé ìbùdó rẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Geach, ni ó ya irú ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sọ́tọ̀ gedegbe nínú àròkọ kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1956, tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní «Good and Evil». Ibi tí ó ń lọ ni ọ̀rọ̀ náà «rere». Ó ní bí «ńlá» ni «rere» ṣe rí, kò rí bí «funfun»: kò sí ohun tí ó kàn dára lásán láìjẹ́ pé a mọ irú ohun tí ó jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti lé ní 2,300 ọdún tí Aristotle ará Gíríìsì ti fi aránbàtà ṣe àpẹẹrẹ pé ẹnì kan lè jẹ́ ẹni rere, kí ó sì jẹ́ aránbàtà, síbẹ̀ kí ó má jẹ́ aránbàtà rere. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra bàtà rí lọ́wọ́ ẹni tí kì í purọ́, tí kì í pa ìrun tàbí ìsìn jẹ, tí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà náà sì ṣí lọ́jọ́ kejì, ẹ kò nílò kí Gíríìsì kankan wá là á yé yín.

Nínú ẹgbẹ́ bí tiwa, ọjọ́ ìdìbò ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun ni. A ti wà nínú ẹgbẹ́ kan rí, ó ti pẹ́, tí a fi yan akápò nítorí pé ènìyàn rere ni. Ó sì jẹ́ ènìyàn rere ní tòótọ́. Nígbà tí ọdún yípo, ìwé owó kò bára mu. Ọkùnrin náà kò mú kọ́bọ̀. Kò mọ ìṣirò ni. Ó sunkún lójú ìpàdé, àwa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a sunkún. A ti gba «rere» lọ́wọ́ «ènìyàn», a gbé e fún «akápò» láìbi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá ó bá a mu.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó mú wa fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí Geach fi àròkọ ṣàlàyé fún àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀, èdè wa ti ṣe apá kan nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé «big house», a sì tún sọ pé «the house is big»; ọ̀rọ̀ kan náà ni ó lò níbi méjèèjì. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A ń sọ pé «ilé ńlá», ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá tí ń sọ pé «ilé náà ńlá». À á ní «ilé náà tóbi», tàbí kí a ní «ilé ńlá ni». A ń sọ pé «ọmọ rere», kò sí ẹni tí ń sọ pé «ọmọ náà rere». À á ní «ọmọ náà dára», tàbí «ọmọ rere ni». Ẹ fi etí sí èyí tí ó gbẹ̀yìn yẹn. Nígbà tí a bá fẹ́ fi «rere» jẹ́rìí ẹnì kan, èdè wa kì í jẹ́ kí a sọ ọ́ títí tí a ó fi dárúkọ ohun tí ẹni náà jẹ́. Ọmọ rere ni. Ọkọ rere ni. Ọ̀gá rere ni. Ẹ̀rí tí a jẹ́ fún ọmọ kò ní ìwé àṣẹ láti lọ di ẹ̀rí fún ọ̀gá.

Àwọn mìíràn wà bẹ́ẹ̀. «Ga» dá dúró nínú «igi náà ga», ṣùgbọ́n kí ó tó lè tẹ̀ lé igi, a ó sọ ọ́ di «gíga»: igi gíga. «Kéré» á di «kékeré». Èdè wa fi aṣọ ọ̀tọ̀ wọ ọ̀rọ̀ tí ó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-orúkọ, bí ìgbà tí ènìyàn ní aṣọ ilé àti aṣọ òde. Àwọn onígírámà wa kò tíì fẹnu kò lórí orúkọ tí ó yẹ kí wọ́n fún un. Samuel Àjàyí Crowther, tí ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1843 àti ìwé gírámà ní 1852, tọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ gírámà ní Yúróòpù nígbà ayé rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, nínú A Grammar of Yoruba ní 1966, wo ibi tí ọ̀rọ̀ jókòó sí: ọ̀rọ̀-orúkọ ni orí, ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó ń yán an. Nínú Essentials of Yoruba Grammar tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì kọ ní 1978, iṣẹ́ yíyán yìí náà ni ó ká a lára, yálà ọ̀rọ̀ kan ni ó ṣe é tàbí odidi gbólóhùn bí «ilé tí mo kọ́». Láti ibẹ̀ ni àwọn olùkọ́ wa ti mú ọ̀rọ̀ náà «ẹ̀yán». Àwọn kan ń wí títí di òní pé kò tilẹ̀ sí ẹ̀yà ọ̀rọ̀ kan tí a lè yà sọ́tọ̀ pátápátá ní àpèjúwe nínú Yorùbá. Ní tiwa, a kò rò pé ó yẹ kí a fi ìyẹn fa aṣọ ya níbi ìfilọ́lẹ̀.

A kò sì ní fi Crowther sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí aládùúgbò wa ni. Ọkọ̀ ojú omi Dayspring tí ó bá gòkè odò Ọya ní 1857 fọ́ mọ́ àpáta lẹ́bàá Jebba, ó sì di pé kí wọ́n máa gbé àgbègbè náà àti Rabba fún ìgbà díẹ̀. Rabba wà nínú ìpínlẹ̀ Niger yìí. Ní 1864 ọkùnrin yìí kan náà tẹ ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ èdè Nupe jáde. Ẹni tí ó kọ gírámà fún wa ni ó tún kọ ọ́ fún àwọn tí ó gbà wá lálejò. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín mọ èyí.

Kí ẹ má bàa rò pé èdè wa ti parí gbogbo iṣẹ́ náà fún wa, ẹ ṣọ́ra. «Tóbi» lè dá dúró, síbẹ̀ «ewúrẹ́ náà tóbi» ṣì ń wo àwọn ewúrẹ́ ni. Àwọ̀ tí a sì ní ó rọrùn lẹ́ẹ̀kan, òun náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Aṣọ pupa, epo pupa, ọmọ pupa: ta ni nínú wa tí ó ti rí ọmọ tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aṣọ pupa rí? Àyàfi bí ó bá ṣubú sínú erùpẹ̀ Minna nígbà ọyẹ́. Pupa ti ènìyàn, àwọn ènìyàn ni a fi wọ̀n ọ́n. Nítorí náà bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ bi í pé, «Ti kí ni?»

Irú kẹta ń bẹ, òun sì ni ó léwu jù. Ayédèrú owó. Ṣé owó ni? Ẹ mú un lọ sí ọjà, kí ẹ wo ojú ìyá aláta. Bí ẹ bá ka owó tí ó wà nínú àpò yín, ẹ kò ní kà á mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe yìí kò fi nǹkan kún ọ̀rọ̀-orúkọ. Ó jẹ ẹ́ tán ni. Ìyàwó àfẹ́sọ́nà kò tíì di ìyàwó. Adelé ọba, bí ó ti wù kí ó jókòó dáadáa tó, kì í ṣe ọba. Gómìnà àná ti fi ilé ìjọba sílẹ̀. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó kì í ṣe ọ̀pẹ̀; ẹ kò lè gun un, ẹ kò sì lè dá ẹmu lára rẹ̀. Àwọn bàbá ìsàlẹ̀ wa tí wọ́n jókòó níwájú yìí, a bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó bí wa nínú wọn. Geach náà fi owó ayédèrú ṣe àpẹẹrẹ irú yìí, ó sì tọ́ ọ bẹ́ẹ̀, nítorí ó wà lọ́jà gbogbo ilẹ̀.

A ti gbìyànjú láti mọ̀ bóyá ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí lè fi irú yìí hàn wá. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ àpèjúwe wa ni ó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-orúkọ, «ayédèrú» sì ń ṣáájú, bí ẹni pé kò fẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ pé «owó». Ó dùn mọ́ wa fún ọjọ́ méjì. Ìgbà náà ni a rántí «akọ màlúù» àti «arẹwà obìnrin» àti «ògbólógbòó olè». Wọ́n ń ṣáájú pẹ̀lú, síbẹ̀ akọ màlúù ṣì jẹ́ màlúù, ògbólógbòó olè sì jẹ́ olè ju olè lọ. Èdè kò fi àmì kankan síbẹ̀. Àwa ni a ní láti mọ ọ̀rọ̀ tí ó ń fi kún àti ọ̀rọ̀ tí ó ń jẹ ẹ́ tán.

Ó wá kù sí ọ̀rọ̀ tiwa gan-an. Ẹ jẹ́ kí a mú «tuntun». Ìyàwó tuntun lè jẹ́ ẹni ogójì ọdún. Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ni ó fi jẹ́ tuntun. Gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ó ti pẹ́ láyé. Ẹ sì mọ àṣà wa: ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé kí ìyàwó tó wọlé, ìbáà ṣe pé ó ń rákò, ìyàwó kì í pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Yóò wá àdàpè kan fún un. Ọjọ́ tí ìyàwó fi ẹsẹ̀ kan àgbàlá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́ orí rẹ̀ nínú ilé yẹn. Kò tíì burú, nítorí «tuntun» yẹn ní ọjọ́ tí yóò gbó. Bí wọ́n bá gbé ìyàwó mìíràn wọlé, ti àná á di ìyálé, òun náà á sì máa fi ọwọ́ júwe pé, «Ìyàwó, lọ pọn omi.»

Ní Minna yìí, àdúgbò kan ń bẹ tí gbogbo wa mọ̀: Sabon Gari. Ó wà ní Kano, ó wà ní Zaria. Ní èdè Hausa «gari» ni ìlú, «sabo» ni tuntun. Tiwọn ni pé ọ̀rọ̀ àpèjúwe lè ṣáájú, kí ó fi «n» so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ: sabon gari, Ìlú Tuntun. Ti Kano ti wà níbẹ̀ kí ìjọba òyìnbó tó da Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914. Ibẹ̀ ni àwọn ará Gúúsù tí rélùwéè kó dé ń gbé. Ẹ ka iye ọdún náà fúnra yín. Ọmọ, ọmọ ọmọ àti àtọmọdọ́mọ ti kú sínú Ìlú Tuntun, ó sì ń jẹ́ tuntun síbẹ̀.

Kí a má sì rò pé Hausa nìkan ni ó ṣe èyí. Ní Ìbàdàn, àdúgbò kan wà lẹ́bàá Mókólá tí wọ́n tẹ̀ dó fún àwọn Hausa ní nǹkan bí 1916. Àwọn Yorùbá pè é ní Sábó. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ àpèjúwe nìkan, wọ́n sọ ọ̀rọ̀-orúkọ nù sí ojú ọ̀nà! Kì í tilẹ̀ ṣe ìlú tuntun mọ́. «Tuntun» lásán ni. Hausa tí wọ́n bí sí Sábó, tí ó sọ Yorùbá Ìbàdàn débi pé ó ń fi ṣe àwàdà, tuntun ni ní Ìbàdàn. Yorùbá tí wọ́n bí sí Sabon Gari ní Minna, tí ó ń fi Hausa lá àlá, tuntun ni ní Minna. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú ọkọ̀ ojú irin, kí ni wọn yóò sọ fún ara wọn? A rò pé wọn yóò rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ̀yin onílẹ̀ tí ẹ wà níhìn-ín, a kò fi èyí ká yín mọ́. Ohun tí àwa náà ń ṣe nílé ni.

Ìbéèrè tí ó bá a mu láti bi «tuntun» ni pé, tuntun gẹ́gẹ́ bí kí ni, ọjọ́ wo ni yóò sì gbó? Ìyàwó ní ìdáhùn sí ti tirẹ̀. Àwa kò tíì ní.

«Àlejò» sún mọ́ ọn. Ọmọ Nàìjíríà tí ó jẹ́ àlejò ní ìpínlẹ̀ Niger: ṣé irú ilé pupa ni èyí, tàbí irú owó ayédèrú? Bí ó bá jẹ́ irú ilé pupa, ọmọ Nàìjíríà ṣì ni lódindi, àlejò kàn fi ibi tí ó ti wá hàn ni. Abala 42 nínú òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1999 gbà bẹ́ẹ̀: a kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí nítorí ẹ̀yà rẹ̀ tàbí ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Abala 147 nínú ìwé kan náà sì ní kí Ààrẹ yan mínísítà, ó kéré tán, ẹnì kan láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí yóò jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Nínú èyí àkọ́kọ́, «ọmọ orílẹ̀-èdè» ni ọ̀rọ̀-orúkọ, àpèjúwe kò lè jẹ ẹ́. Nínú èkejì, àpèjúwe ni ó gba ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá ti wá ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tí ó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ pé ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. A kò wá síbí láti bá ìjọba jà. A kàn ń wí pé kí a mọ irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún wa.

Èyí tí ó dùn wá jù kò ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá. Ní ìsinmi, a máa ń kó àwọn ọmọ wa lọ sílé, Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ìjẹ̀bú, níbikíbi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọmọ ilé yóò ti máa pè wọ́n ní ọmọ Òkè Ọya. Wọ́n á ní Yorùbá Minna ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń sọ «Yorùbá Minna» yẹn, bí ẹni tí ń sọ «ayédèrú owó» ni. Ọmọ á sunkún wá bá ìyá rẹ̀, á bèèrè pé, «Ìyá, kí ni wá?» Ní Minna àlejò ni, nílé àlejò ni. Ọ̀rọ̀ méjì jẹ ọmọ kan tán láti òkè àti ìsàlẹ̀.

Ọ̀nà tí a rò pé a lè gbà dá ọmọ náà lóhùn ni ọ̀nà tí a gbà dá ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ funfun lóhùn. Yorùbá ni, ará Minna sì ni. A lè ya ọ̀rọ̀ méjèèjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ òtítọ́. Owó ayédèrú kò ṣe é yà bẹ́ẹ̀.

Kí àlàyé yẹn tó lè wọ ọmọ létí, ó yẹ kí ó lè gbọ́ Yorùbá tí a fi ń sọ ọ́. Ẹ gbọ́ àwọn ọmọ wa lójú pópó: «funfun mọ́tò», «ńlá ilé». Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́n. Gẹ̀ẹ́sì ní «white car», Hausa ní «farar mota». Láti apá ọ̀tún àti apá òsì ni wọ́n ti ń fa ọmọ náà kí ó gbé àpèjúwe síwájú. Àwa òbí nìkan ni a wà lẹ́yìn tí ó yẹ kí a máa fà á padà, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń bá a sọ nílé. Owó tí ẹ bá dá lónìí, apá kan nínú rẹ̀ ni a ó fi gba olùkọ́ tí yóò máa kọ́ wọn ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ bá wa dá a dáadáa.

Ó kan «ojúlówó». Alẹ́ ọjọ́ ìpàdé náà, bí akọ̀wé ti ka gbólóhùn yẹn tán, ọkùnrin kan dìde. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ìyá rẹ̀ jẹ́ Nupe, Minna ni wọ́n bí i sí. Òun ni ó máa ń bá wa gba gbọ̀ngàn, òun ni ó ń bá wa wí fún ọlọ́pàá bí a bá ní òkú tí a fẹ́ gbé lọ sílé. Ó ní, «Ẹ̀yin bàbá mi, èmi ńkọ́?» Ó jókòó. Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Àwọn kan wá bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé pé ojúlówó kò burú, pé ó kàn túmọ̀ sí Yorùbá gidi. Àwọn mìíràn ní bí ojúlówó bá wà, ayédèrú ń bẹ nìyẹn, kí wọ́n fi han àwọn. Ó di ariwo. Alága fi agogo pa á.

A ti ro ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà yẹn. «Ojúlówó» kì í jẹ ọ̀rọ̀-orúkọ bí «ayédèrú». Ojúlówó owó jẹ́ owó. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: níbi tí kò bá sí ìfura, kò sí ẹni tí ń lò ó. A kì í sọ pé a ra ojúlówó iṣu ní ọjà Gwari, nítorí kò sí ẹni tí ń ṣe iṣu ayédèrú. Ìfura ni ó bí ọ̀rọ̀ náà, níbikíbi tí a bá sì gbé e sí, ó máa ń mú ìfura dání. Bí ó bá kúrò nínú gbólóhùn wa, kí ni a pàdánù? Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá kò ní tìtorí ìyẹn di ọmọ Yorùbá. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá kò ní dín.

Nítorí náà ìmọ̀ràn tí àwa ń mú wá fún ìpàdé gbogbogbòò kò ju kí a fa ìlà gba orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ, kí gbólóhùn náà kà pé: «ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ìlú Minna». Ìwé náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé nídìí tábìlì ìforúkọsílẹ̀, bíírò sì wà lórí rẹ̀. Ọkùnrin tí a ń wí yẹn ni ó ń bá wa to àga níta láti àárọ̀. Ẹ bá wa pè é wọlé, kí ó wá jókòó.